Kùtúbà Jímọ̀: Ẹni tí Ó Bá Wọn Lójú Ọ̀nà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Òun ni a ń yìn, ọ̀dọ̀ Rẹ̀ ni a ti ń tọrọ ìrànlọ́wọ́, Òun náà ni a sì ń bẹ̀ fún àforíjìn. A jẹ́rìí pé kò sí ọba kan tí ìjọsìn tọ́ sí àyàfi Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo. A sì jẹ́rìí pé ẹrú Rẹ̀ àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ànábì Muhammad. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ipa wọn dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ mùsùlùmí, a ń gba ara wa àti ẹ̀yin náà níyànjú pé kí a páyà Ọlọ́hun.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe àjèjì sí yín. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ti ń jà ràn-ìn láàárín wa, láti ìdí omi àlùwàlá títí dé ẹ̀yìn ìrun Iṣáì. Àwọn ọ̀dọ́ wa mú àbá kan wá síwájú ìgbìmọ̀ mọ́sálásí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sáré láti Òkè-Baálẹ̀ níhìn-ín dé ìlú Iléṣà, ìrìn nǹkan bí 30 kìlómítà. Kì í ṣe ẹnì kan ni yóò sá a tán. Wọn yóò pín ọ̀nà náà láàárín ara wọn. Ẹni tí ó bá sáré dé ibi tí tirẹ̀ parí sí yóò fi ọ̀pá lé ẹni tí ó kàn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí wọn yóò fi wọ Iléṣà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì wù, ní ìlú tàbí abúlé tí wọ́n bá gbà kọjá, lè bọ́ sójú ọ̀nà kí ó bá wọn sá ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ gbé. Owó tí àwọn ènìyàn bá dá sí i, kẹ̀kẹ́ ni wọn yóò fi rà fún àwọn ọmọ àdúgbò wa tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn, kí wọ́n lè máa dé ilé ìwé àti ilé kéwú.

Àwọn àgbà kan ní, kí ni eré sísá ní í ṣe pẹ̀lú sàárà? Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ kẹ̀kẹ́ ni a fẹ́ rà, kí a gbé igbá owó kalẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, kí olúkúlùkù jù ú síbẹ̀ kí ó máa lọ. Àwọn mìíràn ní ṣe-ká-rí-mi ni. A gbọ́ gbogbo rẹ̀. A kò fojú tín-ín-rín ẹnikẹ́ni nínú wọn, nítorí ìbéèrè ẹ̀sìn ni wọ́n béèrè, ó sì yẹ kí a dá wọn lóhùn láti inú ẹ̀sìn.

Eré sísá fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) bá ìyá wa Àíṣà sáré ìje. Àíṣà ni ó borí nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tí ó di ẹlẹ́ẹ̀kejì, tí ara Àíṣà ti wúwo sí i, Ànábì borí, ó sì fi ṣe àwàdà pẹ̀lú rẹ̀. Salamah ọmọ Al-Akwa, nínú àwọn sàábé, ẹlẹ́sẹ̀ eré ni òun. Ó tọrọ àyè lọ́wọ́ Ànábì kí ó tó bá ọmọkùnrin kan sáré wọ Mẹ̀dínà, Ànábì sì fún un láyè. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi ti ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ẹsẹ̀ náà ń gbé lọ ni kí a wò.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò rántí Kúnlé Adéyanjú. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin ọdún 2022, ọmọ Yorùbá yìí gun alùpùpù rẹ̀ kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, ó dojú kọ Èkó. Ó la ilẹ̀ Faransé àti Sípéènì kọjá, ó wọ Mòrókò, ó gba inú aṣálẹ̀ Sàhárà nínú ooru tí ń bó ènìyàn lára, ó sì gba àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà títí ó fi dé Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ni ó wọ Èkó. Ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni ó fi wà lójú ọ̀nà, ohun tí ó sì rìn lé ní 12,000 kìlómítà. Ọmọ ẹgbẹ́ Rotary ni. Owó tí ó ń wá, owó tí a ó fi lé àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ kúrò nílé ayé ni.

Nígbà tí ó gbéra, òun nìkan ni. Bí ó ti ń lọ ni àwọn ènìyàn ń dara pọ̀. Àwọn kan ń tẹ̀lé e lórí fóònù wọn láràárọ̀, wọ́n ń béèrè ibi tí ó sùn, wọ́n sì ń dá owó. Nígbà tí ó fi máa wọ ilẹ̀ wa, àwọn tí ń gun alùpùpù ti jáde lọ pàdé rẹ̀, wọ́n sì tò tẹ̀lé e wọ Èkó bí ẹni ń sin ìyàwó.

Àwọn tí wọ́n pàdé rẹ̀ lẹ́nu ibodè yìí, wọn kò rí Sàhárà. Wọn kò sùn ní ibi tí kò sí omi. Kí ni ìpín tiwọn? Nínú ìṣirò ọmọ ènìyàn, ẹni tí ó bá wọn lójú ọ̀nà kò ní ju àtẹ́wọ́ lọ. Bí ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti ń ro ọ̀rọ̀ sàárà náà nìyẹn: bí kì í bá ṣe èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí orúkọ mi kò sì sí lára ògiri, kí ni mo ń bá wọn dé ibẹ̀ fún?

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Tàbúùkù. Ọdún kẹsàn-án lẹ́yìn hijira ni. Oòrùn mú, dàbínù ń pọ́n lórí igi, abẹ́ ìbòòji sì dùn ún jókòó sí. Ìgbà náà gan-an ni ìpè jáde, fún ìrìn-àjò tí ó tó nǹkan bí 700 kìlómítà láti Mẹ̀dínà. Abú Bákàrì kó gbogbo ohun tí ó ní wá. Úmárù kó ìdajì. Úsmáánù pèsè ràkúnmí àti owó wúrà tí ó pọ̀. Èyí ni a máa ń sọ lórí mínbárì nígbà tí a bá fẹ́ kọ́ mọ́sálásí, ibẹ̀ náà ni a sì máa ń dúró sí, ó lè jẹ́ nítorí pé àwọn olówó ni ojú wa ń wò nígbà náà.

Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà nínú ìtàn yìí. Abú Akíìlì wà níbẹ̀, ẹni tí ó fi òru fa omi fún ẹni ẹlẹ́ni, tí wọ́n sì fi ìwọ̀n dàbínù díẹ̀ san owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó pín in sí méjì, ó fi ọ̀kan sílẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀, ó kó èkejì wá. Àwọn mùnááfìkí fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kí ni Ọlọ́hun fẹ́ fi ẹ̀kúnwọ́ dàbínù ṣe. Bẹ́ẹ̀ àwọn kan náà ni wọ́n ń sọ fún ẹni tí ó kó owó púpọ̀ wá pé ṣe-ká-rí-mi ni. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí ó mú kékeré wá kò bọ́ lẹ́nu wọn, ẹni tí ó mú ńlá wá kò bọ́. Ọlọ́hun ni ó gbèjà àwọn méjèèjì nínú Súrátut-Taobah.

Abú Khaisama wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ ogun ti lọ tán, òun wà nílé. Ó wọ inú ọgbà rẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó bá àwọn ìyàwó rẹ̀ méjèèjì tí wọ́n ti wọ́n omi sílẹ̀ kí ibẹ̀ lè tutù, omi mímu wà nílẹ̀, oúnjẹ wà nílẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ro ti Ànábì nínú oòrùn àti afẹ́fẹ́ gbígbóná, kò sì lè wọlé. Ó ní kí wọ́n di oúnjẹ ìrìn-àjò fún òun. Ó gun ràkúnmí rẹ̀, Tàbúùkù ni ó ti lé wọn bá. Ànábì gbọ́ àlàyé rẹ̀, ó sì ṣàdúà fún un.

Ti Abú Zárì tún yàtọ̀. Ràkúnmí rẹ̀ ni kò lè rìn mọ́. Ó sọ ẹrù ka ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ rìn tọ̀ wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n rí ẹnì kan tí ó ń bọ̀ lókèèrè ní òun nìkan, Ànábì ń fẹ́ kí ó jẹ́ Abú Zárì, nígbà tí ó sì súnmọ́, òun náà ni.

Gbogbo àwọn wọ̀nyí, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti bá wọn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń bà wá lẹ́rù jù ni Káábù ọmọ Máálìkì. Kò kọ ìpè náà. Kò bá wọn jiyàn. Ara rẹ̀ le, ràkúnmí méjì ni ó ní nígbà náà, ohun tí kò ní rí tẹ́lẹ̀. Lójoojúmọ́ ni ó ń wí pé òun yóò palẹ̀ mọ́ lọ́la. Ó ń wí bẹ́ẹ̀ títí ìrìn-àjò náà fi bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àádọ́ta òru ni ó lò kí ìtúnúbá rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀, tí kò fi sí mùsùlùmí kan ní Mẹ̀dínà tí ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀la ni ó mú un, ẹ̀yin ènìyàn. Kì í ṣe àìgbàgbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí àrùn tí Adéyanjú tìtorí rẹ̀ rìn, nítorí ó kàn wá nínú ilé. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e ni àrùn yìí kọlù, a mọ̀ pé ti àwọn mìíràn ti wà láti ìgbà ìbí wọn. Síbẹ̀, àwọn àgbà tí ń fi ọwọ́ wọ́ lẹ́bàá ọ̀nà ní ìlú wa, ọ̀pọ̀ wọn ni ó mú ní kékeré. Ní ọdún 1988, nǹkan bí 350,000 ọmọ ni àrùn náà ń sọ di arọ lọ́dọọdún káàkiri ayé. Kò sí oògùn tí ń wo ẹsẹ̀ tí ó ti rọ sàn. Àjẹsára tí a ń kán sẹ́nu ọmọ ni ààbò, ẹ̀kán méjì péré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá sì wo ọ̀nà tí ẹ̀kán méjì náà gbà dé ẹnu ọmọ, ẹ ó rí i pé eré ọ̀pá náà ni. Láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é, inú òtútù ni ó gbọ́dọ̀ wà. Láti inú ọkọ̀ òfuurufú sí inú yàrá tútù, láti ibẹ̀ sí ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀, láti ibẹ̀ sí inú kúlà tí ọmọbìnrin kan gbé kọ́ èjìká tí ó ń ti ilé dé ilé nínú oòrùn. Bí yìnyín bá yọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn, òfo ni iṣẹ́ gbogbo àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó kẹ́yìn gbogbo wọn ni òbí. Bí òbí bá ti ilẹ̀kùn, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ọ̀pá náà ṣubú sí.

Ó ti ṣubú rí. Ní ọdún 2003, wọ́n dá àjẹsára yìí dúró ní Kánò, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí ó tàn kálẹ̀ pé oògùn tí kò ní í jẹ́ kí àwọn ọmọ wa bímọ ni. Ó tó nǹkan bí oṣù mọ́kànlá kí wọ́n tó padà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, lẹ́yìn tí wọ́n ti ra àjẹsára láti Indonesia, orílẹ̀-èdè tí mùsùlùmí pọ̀ sí jù láyé. Àmọ́ àrùn náà kò dúró dè wọ́n. Òun náà ń sá eré tirẹ̀. Ó gba Sudan, ó dé Saudi Arabia, ó dé Yemen, nígbà tí ó sì di ọdún 2005, ó dé Indonesia kan náà, níbi tí wọn kò ti rí i fún ọdún mẹ́wàá. Àwọn tí wọ́n fi oògùn ràn wá lọ́wọ́, àrùn ni ó ti ọ̀dọ̀ wa lọ bá àwọn ọmọ wọn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn aláṣẹ Saudi fi ń ní kí a gba ẹ̀kán yìí kí a tó gúnlẹ̀ fún iṣẹ́ Hájì. Ẹ̀yin Alhaji wa tí ẹ ya ẹnu gbà á, tí ẹ sì ń sọ pé kí wọ́n má kán an fún ọmọ-ọmọ yín, ẹ ṣàlàyé fún wa.

Ní ọdún 2012, iye ọmọ tí àrùn náà mú ní Nàìjíríà jẹ́ 122, ó lé ní ìdajì gbogbo èyí tí ó ṣẹlẹ̀ láyé lọ́dún náà. Ní oṣù kejì ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn ìkà yìnbọn pa àwọn obìnrin tí ń kán àjẹsára ní Kánò. Ó kéré tán, mẹ́sàn-án ni. Iṣẹ́ òòjọ́ ni wọ́n jáde lọ ṣe, kúlà wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn mìíràn gbé kúlà náà lẹ́yìn wọn, wọ́n sì ń lọ. Àwọn ọba àti àwọn ààfáà, Sultan Sókótó sì wà lára wọn, jáde láti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Àwọn tí àrùn náà ti sọ di arọ fi kẹ̀kẹ́ ọlọ́wọ́ wọn ti ilé dé ilé, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ ara wọn han àwọn ìyá. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé Áfíríkà bọ́ lọ́wọ́ ojúlówó kòkòrò àrùn náà. Ẹ̀yà rẹ̀ mìíràn ṣì ń rìn kiri níbi tí àwọn ọmọ kò bá ti gba àjẹsára tó. Eré náà kò tíì parí.

Nígbà tí a bá ń ro ti àwọn obìnrin Kánò wọ̀nyẹn, Múútà ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ọdún kẹjọ hijira ni. Ànábì fi àsíá lé Zaedu ọmọ Hárísà lọ́wọ́, ó ní bí ó bá ṣubú kí Jááfárù gbà á, bí Jááfárù bá ṣubú kí Abdullahi ọmọ Rawáhà gbà á. Zaedu ṣubú. Jááfárù gbà á. Wọ́n gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó fi òsì mú un. Wọ́n gé òsì, ó fi apá méjèèjì gbá a mọ́ àyà títí ó fi kú. Abdullahi gbà á, òun náà ṣubú. Ànábì kò dárúkọ ẹnì kẹrin.

Ẹ̀yin ará wa, ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ sí. Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Sábítì ọmọ Ákráámù. Òun ni ó tẹ̀ sílẹ̀, tí ó gbé àsíá náà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní kí ó máa darí wọn, ó ní rárá, òun kọ́ ni ó tọ́ sí, kí wọ́n yan ẹlòmíràn. Wọ́n yan Khálídì, ó sì gbé e lé Khálídì lọ́wọ́. Gbogbo ènìyàn mọ Khálídì. Àwọn ọmọ wa ń jẹ́ Khálídì. Ta ni ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Sábítì nítorí ọkùnrin yìí? Bẹ́ẹ̀, àsíá náà kò bá ti dé ọwọ́ Khálídì bí ẹnì kan kò bá mú un dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ náà.

Èyí ni ìdáhùn wa fún àwọn bàbá wa tí wọ́n ní igbá owó tó. Igbá owó dára, a kò ní gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ju owó sínú igbá lè má mọ orúkọ ọmọ tí ń wọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ẹni tí ó bá sáré fún un, tàbí tí ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú omi fún ẹni tí ń sáré, yóò béèrè pé ta ni a ń tìtorí rẹ̀ ṣe èyí. Ọlọ́hun pàṣẹ fún wa nínú Súrátul-Máídà pé kí a máa ran ara wa lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ rere àti ìpáyà Rẹ̀. Ànábì sì fi yé wa pé ẹni tí ó bá tọ́ka ènìyàn sí rere ní irú láádá ẹni tí ó ṣe é.

Ní ti ṣe-ká-rí-mi, àwọn tí wọ́n sọ ọ́ kò parọ́ pé ó lè wọ̀ ọ́. Inú ìrun gan-an, ó máa ń wọ̀ ọ́, a kò sì torí rẹ̀ pa ìrun tì. Ọlọ́hun yin sàárà ìkọ̀kọ̀, kò sì kọ ti gbangba, nígbà tí ó bá jẹ́ pé gbangba ni yóò fa ẹlòmíràn wá. Ìwọ ni kí o ṣọ́ àníyàn rẹ. Ohun tí a kò ní í gbà ni kí a fi ojú ọmọ aláìsàn ṣe ọ̀ṣọ́. Súrátul-Bákárà kìlọ̀ fún wa pé ìrègún àti ìpalára a máa ba sàárà jẹ́. Ọmọ tí a gbé sórí kẹ̀kẹ́ tuntun, tí ogún fóònù yí ká, tí wọ́n ní kí ó rẹ́rìn-ín, tí wọ́n sì gbé àwòrán rẹ̀ kiri pé ẹ wo ohun tí a ṣe fún un, ìrègún wo ni ó tún ju èyí lọ?

Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí eré náà. Àwọn ọ̀dọ́ sì ti gba àwọn májẹ̀mú wọ̀nyí. Lẹ́yìn ìrun Subhi ni wọn yóò gbéra, kí oòrùn tó mú àti kí ọkọ̀ ńlá tó pọ̀ lójú títì. Aṣọ tí ó bo ìhòòhò ni wọn yóò wọ̀. Wọn kò ní í fun fèrè, wọn kò sì ní í dí ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni. A ti rí ìyẹn tó lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́lá. Nọ́ọ̀sì kan yóò wà nínú ọkọ̀ tí ń tẹ̀lé wọn. Kò sí àwòrán ọmọ kankan lára pátákó. Gbogbo owó tí ó bá wọlé àti èyí tí ó bá jáde ni a ó kà níwájú yín ní Jímọ̀ tí ó bá tẹ̀lé e, títí dé kọ́bọ̀. Àwọn ìyá wa ní Àsálátù ti ní àwọn yóò gbé omi àti ọsàn dúró ní àbájáde ìlú. A kí wọn.

Ẹni tí kò lè sáré rárá, iṣẹ́ wà fún un. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá kan ilẹ̀kùn rẹ, ṣí i, kí o sì gbé ọmọ jáde. Bí o bá sì mọ ilé tí wọ́n ń fi ọmọ pamọ́ fún wọn, lọ bá bàbá ilé náà jókòó ní alẹ́ òní. Má pè é ní aláìmọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìbẹ̀rù ọmọ ni ó mú wọn ṣe é.

Ọlọ́hun, fi agbára sí ẹsẹ̀ àwọn tí yóò sáré, kí O sì jẹ́ ẹsẹ̀ fún àwọn tí kò lè rìn. Dárí jin àwọn obìnrin tí wọ́n kú pẹ̀lú kúlà lọ́wọ́. Ẹni tí ó ń wí pé ọ̀la nínú wa, dá a lọ́lá láti ṣe é lónìí. Àámíìn.

Ìwé tí a ó kọ orúkọ sí wà lọ́wọ́ akọ̀wé ní ẹnu ọ̀nà àwọn ọkùnrin, òmíràn sì wà lọ́dọ̀ àwọn ìyá. Ibi méjì sí ìwọ Iléṣà ni kò tíì ní ẹni tí yóò gba ọ̀pá. Ẹ dìde, ẹ to sààfù yín kí ó gún.